Ẹ̀jẹ̀ ń jáde nídìí eyín mi: omi ìfọnu wo ni kí n rà?

  

Inú ọjà ni mo ti gbé ọ̀rọ̀ òní wá. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ gbígbóná ló pè mí. Ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ tí o máa ń sọ̀rọ̀ ìlera lórí rédíò, wá wo ẹnu mi." Ó fi ìka gbé ètè rẹ̀ sókè. Èrìgì rẹ̀ ti wú, ó pọ́n roro, ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín sì wà láàrin eyín méjì níwájú.

Mo bi í pé kí ló ti ń lò sí i. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìgò fún mi. Ìgò kìíní, ọwọ́ ọkùnrin tó ń polówó oògùn nínú mótò ló ti rà á. Ọkùnrin náà ní ó ń wo eyín, ó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, ó sì tún ń wo ẹ̀yìn ríro. (Oògùn kan ṣoṣo o!) Ìgò kejì, fàmásì ló ti rà á. Ó lò ó fún ọjọ́ mẹ́rin, ẹnu rẹ̀ kò mọ adùn ọbẹ̀ mọ́, ó bá jù ú sílẹ̀. Ìgò kẹta, egbò igi ni, tí àbúrò ọkọ rẹ̀ rẹ sínú sódabì. Ìyẹn ta á lẹ́nu dójú omijé. Síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò dá.

Mo ní, "Ìyá mi, ṣùgbọ́n ẹ̀ ń fi pákò tàbí búrọ́ọ̀ṣì fọ ibẹ̀, àbí?"

Ìyá wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tí kò gbọ́n. "Ibi tó ń ṣẹ̀jẹ̀? Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mi ò ti jẹ́ kí nǹkan kan ibẹ̀ mọ́. Omi oògùn nìkan ni mò ń fi ṣan án."

Ẹ̀yin ará mi, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ òní wà. Ohun tí ì bá gbà á sílẹ̀, òun ló pa tì. Ohun tó yẹ kó jẹ́ olùrànlọ́wọ́, òun ló fi ṣe ọ̀gá. Mi ò bá a wí. Ta ni nínú wa tí ẹ̀jẹ̀ máa jáde lẹ́nu rẹ̀ tí kò ní rò pé búrọ́ọ̀ṣì ló ṣe òun léṣe? Èmi náà ti rò bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìdí. Lálẹ́ òní, kí ẹ tó fọnu, ẹ fi èékánná ha eyín yín kan, níbi tí eyín àti èrìgì ti pàdé. Ohun funfun kan yóò bá èékánná yín jáde, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ, ó sì lè rùn díẹ̀. Àwọn kan rò pé ìyókù oúnjẹ ni. Kì í ṣe oúnjẹ. Kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ni, ọ̀kẹ́ àìmọye wọn, tí wọ́n kóra jọ síbẹ̀, tí wọ́n sì fi nǹkan yíyọ̀ bo ara wọn mọ́lẹ̀. Àwọn dókítà eyín ń pè é ní plaque. Èmi yóò máa pè é ní èérí eyín. Oúnjẹ wa ni wọ́n ń bá wa jẹ, pàápàá ṣúgà. Oró tí wọ́n ń tú jáde ló ń bí èrìgì nínú. Èrìgì á wú, ẹ̀jẹ̀ á pọ̀ níbẹ̀ nítorí pé ara ń jà, bí nǹkan bá sì ti fara kàn án báyìí, á ṣẹ̀jẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń se ilá, ẹ ó tètè yé èyí. Ìkòkò tí ọbẹ̀ ilá gbẹ mọ́ lára, ṣé ẹ lè da omi sí i, kí ẹ mì í lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ dà á nù, kí ẹ ní ó ti mọ́? Bí omi náà tiẹ̀ ní ọṣẹ, kò lè mọ́. Ọwọ́ gbọ́dọ̀ kàn án, kàn-ìn-kàn-ìn gbọ́dọ̀ kàn án. Bí èérí eyín ṣe rí nìyẹn. Omi ìfọnu, ìbáà jẹ́ ti ewé, ìbáà jẹ́ ti fàmásì, orí rẹ̀ ló ń gbà kọjá.

Ó ti pẹ́ gan-an tí ẹnì kan ti fi ojú ara rẹ̀ rí èyí. Ní 1683, ọkùnrin kan wà ní ìlú Delft, ní ilẹ̀ Họ́láńdì, Antonie van Leeuwenhoek lorúkọ rẹ̀. Oníṣòwò aṣọ ni, kì í ṣe dókítà. Ó máa ń fi iyọ̀ ra eyín rẹ̀ láràárọ̀, bí àwọn ìyá wa kan ṣe ń ṣe, síbẹ̀ ó rí i pé ohun funfun kan ṣì ń wà láàrin eyín òun. Ó há a, ó pò ó mọ́ omi òjò, ó sì fi awò tó ṣe fúnra rẹ̀ wò ó. Ohun abẹ̀mí kéékèèké ló rí, tí wọ́n ń yí, tí wọ́n ń sáré. Ó kọ lẹ́tà sí àwọn onímọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù nípa rẹ̀. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú jù nínú lẹ́tà yẹn ni pé ó gbìyànjú láti pa wọ́n. Ó bu ọtí kíkan tó le sẹ́nu, ó ṣan ẹnu rẹ̀ dáadáa, ó tún há èérí náà, ó tún wò ó. Wọ́n ṣì wà láàyè! Àwọn tó wà lẹ́yìn òde nìkan ni ọtí kíkan náà pa. Kò wọ inú èérí náà lọ. Ó lé ní 300 ọdún báyìí, ọ̀rọ̀ náà kò tíì yí padà.

Ẹ wá gbọ́ ti ẹ̀jẹ̀. Ní 1965, ní ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì, Harald Löe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú ènìyàn 12 tí èrìgì wọn dá ṣáká. Wọ́n ní kí wọ́n má fọ eyín rárá. Láàrin ọjọ́ 10 sí 21, èrìgì gbogbo wọn ti pọ́n, ó ti wú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí wọ́n padà sí fífọ eyín, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀, èrìgì wọn ti padà sípò. Wọn kò fún wọn ní abẹ́rẹ́, wọn kò fún wọn ní àgbo. Kí ni èyí ń sọ fún ìyá ẹlẹ́kọ wa? Ó ń sọ pé búrọ́ọ̀ṣì kọ́ ló ń fa ẹ̀jẹ̀. Èérí tí búrọ́ọ̀ṣì kò kó ló ń fà á.

Nítorí náà, bí ìdí eyín yín bá ń ṣẹ̀jẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ fọ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi pẹ̀lẹ́ fọ̀ ọ́. Ẹ ra búrọ́ọ̀ṣì tí irun rẹ̀ rọ̀. Ẹ fi orí rẹ̀ sí ààlà eyín àti èrìgì, kí ẹ máa mì í díẹ̀díẹ̀, níta àti nínú, nítorí ẹ̀yìn eyín ìsàlẹ̀ níwájú ni ọ̀pọ̀ wa máa ń gbàgbé. Láàárọ̀, àti lálẹ́ kí ẹ tó sùn. Tí ẹ bá rí ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride, ìyẹn ni kí ẹ rà. Ẹ̀jẹ̀ yóò jáde ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, ẹ má sá. Bí ó bá ti ń di ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ó yẹ kó máa dínkù. Bí kò bá dínkù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó ṣeé ṣe kí èérí náà ti di òkúta, ọ̀rọ̀ òkúta sì yàtọ̀.

Mo ní òkúta, kì í ṣe àwàdà. Èérí tó bá pẹ́ lára eyín, iyọ̀ inú itọ́ á wọ inú rẹ̀, á le kankan, á di àwọ̀ ìyeyè tàbí dúdú. Kò sí omi ìfọnu kan láyé tó lè yọ́ ọ, ìbáà ta bí ata. Dókítà eyín ló ń fi irin yọ ọ́, ohun tí wọ́n ń pè ní détartrage. Àwọn kan ń sá fún un, wọ́n ní, "Wọ́n yọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi, eyín rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì." Ẹ gbọ́ o, òótọ́ wà nínú ohun tí wọ́n rí, ṣùgbọ́n wọn kò rí ìdí rẹ̀. Eyín náà ti ń mì tipẹ́. Egungun tó dì í mú ti jẹ kúrò lábẹ́. Òkúta yẹn ló lẹ̀ wọ́n mọ́ ara wọn bí símẹ́ǹtì. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ nítorí pé ó ń di eyín mú, ìdí eyín á máa jẹ lọ lábẹ́ rẹ̀, ọjọ́ kan ni eyín àti òkúta á jọ bọ́ sínú àkàrà.

Ó dáa. Kí wá ni omi ìfọnu wà fún? Ó ní iṣẹ́ tirẹ̀, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn.

Nínú ti fàmásì, tí wọ́n ń pè ní bain de bouche, èyí tí wọ́n tíì dán wò jù lọ ni èyí tó ní chlorhexidine. Ẹ wo ara ìgò, orúkọ yẹn yóò wà níbẹ̀. Harald Löe kan náà tí mo dárúkọ, òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan, Schiøtt, ló fi hàn ní 1970 pé bí ènìyàn bá ń fi í ṣan ẹnu lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, èérí tuntun kò ní rí ibi lẹ̀ mọ́. Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ yẹn: èérí tuntun. Orí eyín tó ti mọ́ ló ti ń ṣiṣẹ́ jù. Ó máa ń dúró lára eyín àti awọ ẹnu fún ọ̀pọ̀ wákàtí lẹ́yìn tí ẹ bá ti tutọ́, òun ló fi yàtọ̀ sí àwọn yòókù. Ní 2017, àwọn Cochrane, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kíkó ìwádìí jọ kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò, kó ìwádìí 51 jọ lórí rẹ̀. Wọ́n rí i pé bí a bá fi í kún fífọ eyín, èérí ń dínkù gan-an, èrìgì tó wú díẹ̀ náà ń fúyẹ́ díẹ̀. Ti àrùn èrìgì tó ti le, ẹ̀rí kò tó láti sọ ohunkóhun.

Kò wá sí ohun rere tí kò ní àbùkù tirẹ̀. Tí ẹ bá lò ó pẹ́, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sókè, eyín á máa di àwọ̀ ilẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn kọfí àti tíì. Adùn oúnjẹ á yí padà lẹ́nu. Ohun tó ṣe ìyá ẹlẹ́kọ nìyẹn, á sì padà sípò tí ẹ bá ti dá a dúró. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n sábà máa ń ní kí a lò ó: lẹ́yìn détartrage, tàbí lẹ́yìn tí wọ́n yọ eyín tí dókítà sì ní kí ẹ lò ó, tàbí nígbà tí ẹnu dùn ún débi tí búrọ́ọ̀ṣì kò ṣeé fi kàn án. Kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣe ti ojoojúmọ́ láti January dé December.

Ẹ má ṣe lò ó lójú ẹsẹ̀ tí ẹ bá fi ọṣẹ ìfọyín fọnu tán, nítorí ohun tó ń hó nínú ọṣẹ náà ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. Ẹ fún un ní ìdajì wákàtí. Ìgò kan wà tí a ń bu omi lé, òmíràn wà tí a kì í bu omi lé, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ẹni tó tà á fún yín ka ìwé inú páálí rẹ̀ sí yín létí kí ẹ tó sanwó. Ẹ mú un káàkiri ẹnu, ẹ tutọ́ rẹ̀, ẹ má gbé e mì, ẹ má sì fi omi ṣan ẹnu lẹ́yìn rẹ̀ kíá. Bí ojú tàbí ètè bá wú, tí mímí sì le, ẹ dá a dúró kí ẹ sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ohun kan tó kù: chlorhexidine tí wọ́n fi ń nu awọ kí wọ́n tó gún abẹ́rẹ́, àti èyí tí wọ́n ń fi sí ìwọ́ ọmọ tuntun, kì í ṣe ti ẹnu. Orúkọ kan náà, iṣẹ́ ọ̀tọ̀. Bétadine náà, èyí tí wọ́n ṣe fún ẹnu yàtọ̀ sí ti awọ.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ewé. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yín ti ń dúró dè mí.

Iyọ̀ ni mo fẹ́ fi ṣáájú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ewé, nítorí òun ló rọrùn jù, òun náà ni kò léwu. Ìdajì ṣíbí tíì kékeré nínú ife omi tó lọ́wọ́ọ́rọ́. Kò gbọ́dọ̀ jó ẹnu. Ẹ fi ṣan ẹnu lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, ẹ tutọ́ rẹ̀. Ó ń mú kí ẹnu tó wú fúyẹ́, ó sì ń fọ ìdọ̀tí tó tú kúrò. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá jà náà lè lò ó, kó ṣáà má gbé e mì.

Èfínrín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí èyí, nítorí ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ní 1879, wọ́n ṣe omi kan ní Amẹ́ríkà, wọ́n pè é ní Listerine, wọ́n fi orúkọ Joseph Lister sọ ọ́, dókítà oníṣẹ́ abẹ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́ àwọn dókítà láti máa pa kòkòrò kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ kan ènìyàn. Títí dòní ni wọ́n ń tà á fún ẹnu. Ọ̀kan nínú ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ ni thymol. Bẹ́ẹ̀, nínú òróró èfínrín tó ń hù lẹ́yìn ilé wa, thymol sábà máa ń pọ̀ jọjọ. Òórùn tó ń gbá yín nímú tí ẹ bá rún un lọ́wọ́, thymol wà níbẹ̀. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ní èfínrín ń fọ ẹnu mọ́, ẹ kò ṣì í sọ.

Ṣùgbọ́n ẹ má yọ̀ jù. Òróró ni thymol ń bá lọ, kì í fẹ́ràn omi. Tí ẹ bá se èfínrín, èyí tó pọ̀ nínú òróró rẹ̀ bá èéfín lọ, díẹ̀ ló kù sínú omi. Torí náà, ẹ má sè é pẹ́: ẹ da omi híhó lé ewé tí ẹ ti fọ̀, ẹ dé e, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi ṣan ẹnu lọ́jọ́ náà. Èyí tó bá kù di ọjọ́ kejì, ẹ dà á nù. Àgbo tó sùn mọ́jú láìsí nínú ẹ̀rọ tútù, kòkòrò tuntun lẹ fẹ́ gbé sẹ́nu yẹn. Ọ̀nà kan náà ni kí ẹ gbà ṣe ewé gúáfà, tó ń fún èrìgì pọ̀ díẹ̀ nítorí kíkorò ara rẹ̀.

Dóńgóyárò ńkọ́? Wọ́n ti dán an wò púpọ̀ ní Íńdíà, nítorí igi wọn ni. Ọ̀pọ̀ ìwádìí náà rí i pé ó ń dín èérí kù, àwọn kan tiẹ̀ ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó chlorhexidine. Ohun tó mú mi ṣọ́ra ni pé ènìyàn díẹ̀ ni wọ́n fi ń dán an wò, fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ohun tí wọ́n sì ń lò kì í sábà jẹ́ omi tí ìyá kan sè nínú ìkòkò. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, kíkorò ẹ̀ kò ní pa yín. Ọmọdé ni kí ẹ má fún, òróró rẹ̀ ti ṣe ọmọ ọwọ́ ní jàǹbá rí níbi tí wọ́n ti fún wọn mu.

Kànáfùrù ń pa ìrora, òótọ́ ni, ẹnu á kú tipiri. Ibẹ̀ náà ni ewu rẹ̀ wà: ìrora lọ, àrùn dúró, ẹ ó sì máa rò pé ó ti tán.

Sódabì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìnáwó. Mo mọ̀ pé inú omi ìfọnu fàmásì kan náà ọtí máa ń wà. Ọtí yẹn wà níbẹ̀ kí òróró lè pò mọ́ omi ni, kì í ṣe òun ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Sódabì tó le ń bó awọ ẹnu tó ti wú, bó bá sì ta yín, ẹ má rò pé títa náà ni ìwòsàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni aspirin tí àwọn kan ń lẹ̀ mọ́ èrìgì. Ó ń jó ẹran ibẹ̀ funfun ni. Tábà tí wọ́n ń fi sábẹ́ ètè, òun tún burú ju gbogbo wọn lọ.

Pákò wá ni o. Orín àta, tó máa ń jẹ́ kí ahọ́n wárìrì; orín ìdí; orín àyìn. Mo fi pákò sí ìkẹyìn nítorí òun ló ju gbogbo omi wọ̀nyí lọ. Ṣé ẹ rí i, pákò ń ra eyín, ó sì tún ń tu oje igi rẹ̀ sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà. Kàn-ìn-kàn-ìn àti ọṣẹ ló pé sójú kan. Àjọ Ìlera Àgbáyé, OMS, pàápàá ti gba àwọn tó jẹ́ àṣà wọn níyànjú láti máa lò ó. Ẹ jẹ orí rẹ̀ títí yóò fi di irun wẹ́wẹ́, ẹ fi irun náà ra ìdí eyín, kì í ṣe iwájú tí ènìyàn ń rí nìkan. Ẹ má fi ìkanra rìn ín wọ èrìgì, mo ti rí àgbàlagbà tí èrìgì rẹ̀ ti sún sókè nítorí agbára. Lójoojúmọ́, ẹ gé orí àná dà nù.

Nípa àwọn tó ń polówó nínú mótò, mi ò ní pa ọjà ẹnikẹ́ni. Ìgò tí kò ní orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀, tí kò ní orúkọ ẹni tó ṣe é, tí kò ní ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, ẹ kò mọ ohun tí ẹ ń gbé sẹ́nu. Èmi ò ní rà á.

Àwọn kan wà tí mo fẹ́ kí wọ́n fetí sí mi dáadáa. Àboyún: èrìgì yín lè tètè wú nítorí ohun tó ń yí padà nínú ara, ẹ má dá eyín fífọ̀ dúró. Ẹ̀yin tí ẹ ní àtọ̀gbẹ: àrùn èrìgì tètè ń le lára yín, ó sì tún ń mú kí ṣúgà ṣòro láti kápá, nítorí náà ẹ sọ fún dókítà yín bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bíi amlodipine tàbí nifedipine, bí èrìgì yín bá ń hù bo eyín, ó lè jẹ́ oògùn náà. Ẹ má dá a dúró fúnra yín o, ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ìyá ẹlẹ́kọ. Ó ra búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ lójú mi, ó ní òun ó gbìyànjú, ó sì ń kùn. Nígbà tí mo kọjá lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó ní ẹ̀jẹ̀ náà ti dínkù, kò tíì tán. Mo wo ẹ̀yìn eyín rẹ̀ nísàlẹ̀, òkúta wà níbẹ̀ tó dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó ti ń kó owó détartrage jọ. Ó wá bi mí ní ìbéèrè kan tó mú mi dákẹ́: ṣé òun lè fi ìyókù ìgò fàmásì náà ṣan ẹnu ọmọ-ọmọ òun, ọmọ ọdún mẹ́rin, tí ẹnu rẹ̀ ń rùn?

Mo ní rárá, ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà kò mọ bí a ti ń tutọ́, yóò gbé e mì. Búrọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́ fún un. Lẹ́yìn náà ni mo bi í bóyá èéyi, tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní rougeole, ṣe ọmọ náà láìpẹ́ yìí, bóyá ó ti rù, bóyá egbò wà lára èrìgì rẹ̀. Ìdí tí mo fi bi í ni àrùn tí wọ́n ń pè ní noma. Ọmọ ọdún méjì sí mẹ́fà ló máa ń mú jù, ọmọ tí kò jẹun kánú, tí àìsàn ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀. Láti èrìgì ló ń bẹ̀rẹ̀: ẹ̀jẹ̀, egbò, òórùn burúkú. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wú, láàrin ọjọ́ mélòó kan ẹran ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Nínú ọmọ mẹ́wàá tí kò rí ìtọ́jú, ó lè pa mẹ́sàn-án. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, OMS kọ ọ́ mọ́ àwọn àrùn tí ayé ti pa tì. Bí a bá tètè gbé ọmọ lọ nígbà tó ṣì wà ní èrìgì, oògùn apakòkòrò, omi chlorhexidine lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì àti oúnjẹ gidi ń gbà á sílẹ̀.

Nítorí náà, ọmọ tí èrìgì rẹ̀ dá egbò, tó ń rùn, tí ibà ń mú, tàbí tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń wú: ẹ má se ewé kankan, ẹ má dúró de ọjọ́ ọjà. Ẹ gbé e sórí zémíjàn lọ́jọ́ náà gan-an, ó di ilé ìwòsàn.

Ti ọmọ-ọmọ ìyá ẹlẹ́kọ, oúnjẹ tó há sínú eyín tó ti lu ni. A dúpẹ́. Ẹ̀yin ará, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ àgbàdo la ó sọ, bí a ṣe lè tọ́jú rẹ̀ kí kòkòrò má jẹ ẹ́ kí owó rẹ̀ tó gòkè. Ó dìgbà náà o.